Ìpín Tí A Ní Àti Ìpín Tí A Fẹ́ Rà

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́dún yìí, inú ilé tiwa ní Independence Layout ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba oorun lójú àwa tọkọtaya fún bí oṣù mẹ́ta. Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ olówó ni, pé kí ló kan òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Federal Secretariat níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó ní ilé níbì kan, tó ní ọmọ níbòmíràn, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń gbé níbi kẹta ni.

Ìbéèrè náà rèé. Ọmọ wa obìnrin tó wà ní Manchester ní kí a bá òun dá owó, kí a fi ra ìpín kan sí i nínú ilé ìsinmi kan ní erékùṣù Tenerife, ní ilẹ̀ Spain, kí gbogbo ẹbí lè máa pàdé níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ó ti ní ìpín kan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé kí a bá a ra èkejì ni, àbí kí a má rà á?

Irú ọjà wo ni?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé ọjà náà. Òyìnbó ń pè é ní timeshare. Nínú ilé tiwa, ìpín ọ̀sẹ̀ ni a sọ ọ́. Ilé kan wà létí òkun, ó ní yàrá, ó ní ilé ìdáná, ó ní odò ìwẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó dá a ní. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún; wọ́n pín ilé náà sí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ta ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ra ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù kẹjọ, tirẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ náà lọ́dọọdún. Bí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ bá pé, yóò di ẹrù rẹ̀, ẹlòmíràn yóò wọlé.

Yúróòpù ni àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1963 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Hapimag sílẹ̀ ní Switzerland fún irú ètò báyìí. Ó gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún 1970, nígbà tí àwọn kọ́lékọ́lé ní Florida kọ́ ilé sílẹ̀ tí wọn kò rí ẹni tó lè ra odidi rẹ̀. Ni wọ́n bá ń gé e tà ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní 1974, wọ́n dá RCI sílẹ̀ ní Indianapolis, kí ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ níbì kan lè bá ẹni tó ní tirẹ̀ níbòmíràn ṣe pàṣípààrọ̀.

Owó méjì ni ènìyàn ń san. Èkíní ni owó tí a fi rà á, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyẹn. Èkejì ni owó ìtọ́jú, tí wọ́n fi ń kun ilé, tí wọ́n fi ń tún òrùlé ṣe, tí wọ́n fi ń sanwó àwọn agbálẹ̀ àti ọlọ́dẹ. Ọdọọdún ni ìyẹn, ẹ lọ o, ẹ kò lọ o. Ó sì máa ń gòkè ni, kì í sọ̀kalẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Èyí tí ọmọ wa fẹ́ rà kì í ṣe tuntun. Tòkunbọ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tí gbogbo wa ń wà. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti darúgbó, ó fẹ́ gbé e sílẹ̀. Ìpín tí ẹnì kan fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, a rí i pé ó lè tà á ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Kódà, lórí eBay, wọ́n ti ta òmíràn ní dọ́là kan ṣoṣo. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹ̀bùn lójú wa. Lẹ́yìn náà ni a wá bi ara wa pé, irú nǹkan wo ni ẹni tó ni ín fẹ́ fi tọrẹ, tí àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sanwó kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ìdáhùn náà kò jìnnà. Apá ńlá nínú iye àkọ́kọ́ jẹ́ owó ìpolówó àti owó àwọn tó ń tà á. Ìyẹn kò sí lára bíríkì ilé. Ohun tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹni tó rà á ni ọjọ́ méje lọ́dún, àti ìwé owó ìtọ́jú tí kì í pẹ́ dé.

Àwọn ìjọba ibẹ̀ pàápàá ti rí i pé ọjà náà ń fẹ́ àmójútó. Britain ṣe òfin lórí rẹ̀ ní 1992. Òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní 2010 fún ẹni tó ń rà á ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn rẹ̀ padà, ó sì ka gbígba owó kankan léèwọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Ní Spain, òfin 1998 sọ pé àdéhùn kò gbọdọ̀ kọjá ọdún 50. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2015, ilé-ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ sọ pé àdéhùn tí kò ní òpin, tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí òfin náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ìsinmi ọjọ́ méje ti di ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́.

Ọmọ wa kì í ṣe àpà

A kò fẹ́ kí ẹ rò pé ọmọ náà ya àpà. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ òru ló ń ṣe jù. Ní 2016, òun àti ọkọ rẹ̀ ra ìpín wọn àkọ́kọ́, tòkunbọ̀ náà ni, wọn kò sì jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń lò ó, àfi 2020 tí àrùn kòrónà ti gbogbo ayé mọ́lé. Ọdún náà pàápàá, wọ́n san owó ìtọ́jú wọn pé.

Àwa náà bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan, ní 2018. A kò ní parọ́, ó dùn mọ́ wa. Ọmọ ọmọ wa tó jẹ́ pé orí fóònù nìkan ló ti ń rí wa, itan ìyá àgbà ló ń sùn sí. Láàárín ọjọ́ méje yẹn ló kọ́ oókan, eéjì, ẹẹ́ta títí dé ẹẹ́wàá, orí iyanrìn ni wọ́n ti ń fi òkúta kà á. Ọjọ́ tí a fẹ́ máa lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ta ni yóò sọ pé owó yẹn ṣòfò?

Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún wa: ọ̀kan ní Manchester, ọ̀kan ní Houston, àbíkẹ́yìn ní Èkó. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá wa ní Ọ̀fà ní 2014, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì sùn lábẹ́ òrùlé kan náà mọ́. Ohun tí ọmọ wa rò nìyẹn. Ìpín kejì tó rí yìí, ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn ni, ọ̀sẹ̀ kan náà. Bí a bá rà á, ẹbí yóò gba inú méjèèjì. Ó ní kí a san ìdajì, kí àwọn sì máa pín owó ìtọ́jú pẹ̀lú wa. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ̀yin ni ẹ máa ń sọ pé ẹni tí kò rí ará ilé rẹ̀ ti sọnù."

Ìpè láti Ọ̀fà

Oṣù kan náà ni àbúrò bàbá wa tó jẹ́ olórí ẹbí pè wá láti Ọ̀fà. Ìjì òjò àkọ́rọ̀ ti ká páànù ilé ẹbí lọ. Wọ́n ti ṣèpàdé, wọ́n sì ti bu owó fún ìdí igi kọ̀ọ̀kan. Ó dárúkọ ìdá tiwa. Lẹ́yìn náà, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ti bu irú owó yìí tí ẹ kò fèsì. A mọ̀ pé ọ̀nà jìn o."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá lára. Ìgbà náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé wa pé a ti ní ìpín kan tẹ́lẹ̀, a kàn gbàgbé ni. Ẹ wo ilé ẹbí dáadáa. Kò sí ẹnì kan tó dá a ní. Kò sí ẹni tó lè dá a tà. Olúkúlùkù ní yàrá tàbí ìdí igi tirẹ̀. Owó ìtọ́jú wà níbẹ̀, ẹ lọ o, ẹ kò lọ o. Kí àwọn òyìnbó tó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ ni ilé kan, àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ ọ́n. Bí bàbá bá kú, iye ìyàwó tó bímọ ni a fi ń pín ogún, èyí ni ìdí igi. Nígbà mìíràn, iye ọmọ ni a fi ń pín in, èyí ni orí-ó-jorí. Ní ọdún 1962, ẹjọ́ irú èyí láti Èkó dé iwájú Privy Council ní London, àwọn náà sì gbà pé ìdí igi ṣì jẹ́ àṣà Yorùbá tí òfin mọ̀.

Bàbá wa tó wá sí Enugu gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ rélùwéè máa ń fi owó ránṣẹ́ sí ilé náà láti inú owó oṣù tí kò tó nǹkan. Àwa ńkọ́? Nígbà ìsìnkú ìyá wa ní 2014, òtẹ́ẹ̀lì ni a sùn. Yàrá tiwa wà nílé, ṣùgbọ́n ìbátan wa kan ti kó gààrí àti àgbàdo sí i, a kò sì fẹ́ ariwo. Àwọn ọmọ wa mọ ilẹ̀kùn ilé tó wà ní Tenerife. Wọn kò mọ ilẹ̀kùn yàrá bàbá àgbà wọn.

Ẹ̀yin náà mọ bí àdúgbò wa ṣe máa ń rí tí Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Ìgbò yóò di ẹrù, ọ̀nà Ninth Mile yóò kún, Independence Layout yóò sì dá wáí bí ilé ìwé nígbà họlidé. Bí oṣù kẹjọ bá tún dé, àwọn obìnrin wọn yóò lọ sílé fún ìpàdé tí wọ́n ń pè ní August Meeting. Wọn yóò san owó tí wọ́n bù fún wọn, wọn yóò bá ara wọn jà díẹ̀, wọn yóò sì parí rẹ̀. Àwa Yorùbá tó kù nílé ni à ń bá wọn ṣọ́ géètì. Àwa tó jẹ́ pé a sọ ọdún wa ní Iléyá, pé ilé yá, ká lọ!

Ohun tí ọmọ wa fi dá wa lóhùn

A sọ èyí fún ọmọ wa. A rò pé yóò dákẹ́. Kò dákẹ́. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ má bínú. Ṣé ẹ fẹ́ kí n kó àwọn ọmọ gba ọ̀nà tí àwọn ajínigbé wà? Bí a bá sì dé ilé náà, ta ni yóò sinmi níbẹ̀? Àpò wa ni gbogbo wọn yóò máa wò. Láti òwúrọ̀ di alẹ́, ìdí ààrò ni màámi yóò wà. Ẹ̀yin ọkùnrin ni ilé ẹbí jẹ́ ìsinmi fún."

A wo ojú ìyá àwọn ọmọ. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà tí mo ti lọ́kọ, ní Tenerife ni mo ti kọ́kọ́ jókòó ọjọ́ méje tí ẹnikẹ́ni kò bi mí pé oúnjẹ dà."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ó rọrùn fún àwa àgbà láti fi ilé na àwọn ọmọ bí ẹgba. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ilé bá jẹ́ ibi tí àwọn kan ti ń jẹ, tí àwọn kan kàn ń sè, ṣé kò yẹ kí ẹni tó ń sè wá ibòmíràn sinmi? A kò lè pe ọmọ wá sí ilé tí àwa fúnra wa sá fún, kí a wá máa pe ìsákúrò tirẹ̀ ní àìmọ ilé.

Ìbéèrè mẹ́ta

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, a jókòó, a bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta. A kọ wọ́n síbí bóyá yóò wúlò fún ẹlòmíràn.

Èkíní: ṣé agbára wa yóò gbé owó ọdọọdún, kì í ṣe owó ìrà nìkan? Ọdún mẹ́rin ló kù tí a óò fẹ̀yìn tì. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ mọ̀ pé ẹni ọgọ́ta ọdún tàbí ẹni tó lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Náírà ni wọn yóò fi san owó ìfẹ̀yìntì wa, pọ́n-ùn ni wọn yóò fi bu owó ìtọ́jú. Kí ó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, pọ́n-ùn kan kò tó ₦600 ní iye ìjọba. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,800. Ìdá tiwa nínú owó ìtọ́jú jẹ́ £300 lọ́dún. Lójú ọmọ wa, iṣẹ́ òru díẹ̀ ni. Lójú wa, ó lé ní ìdajì mílíọ̀nù náírà, lọ́dọọdún, títí ọjọ́ alẹ́. Ohun kan náà kì í wúwo bákan náà lórí ènìyàn méjì.

Èkejì: bí a kò bá sí mọ́, kí ni ohun tí a rà yìí yóò jẹ́ fún àwọn ọmọ? Láyé àtijọ́, bàbá tó jẹ gbèsè lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ọmọ náà yóò máa ṣiṣẹ́ lóko olówó nítorí owó tí kò bá bàbá rẹ̀ ná. A ti fi àṣà náà sílẹ̀, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ wa bọ àdéhùn tí owó rẹ̀ kì í tán, tí a sì kú, tí ọmọ tó wà ní Èkó, tí kò rí físà gbà, di alábàápín rẹ̀, ṣé ogún ni a fi sílẹ̀ fún un ni, àbí ìwọ̀fà? Ibi ìgbádùn pàápàá máa ń gbó. Àwa tí a ń gbé lápá ìhín rántí Tinapa tó wà ní Calabar, bí ariwo rẹ̀ ti pọ̀ tó nígbà tí wọ́n ṣí i ní 2007, àti bí ó ti dá páropáro lẹ́yìn náà.

Ẹ̀kẹta: ìpín tí a ti ní ńkọ́? Èyí ló dùn wá jù. A rí i pé kì í ṣe ìwé ni ó ń mú kí nǹkan jẹ́ ti ẹni. Ẹni tó ń tún nǹkan ṣe, tó ń sùn nínú rẹ̀, tí wọ́n ń retí rẹ̀ níbẹ̀, òun ló ni ín. Ọmọ wa ni ìpín tirẹ̀ ní Tenerife ní tòótọ́: ó ń san án, ó ń lò ó, àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Àwa kò ní ilé Ọ̀fà bẹ́ẹ̀, bí orúkọ wa tilẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò tọ́jú ìpín kìíní, tó ń ra ìpín kejì, orúkọ lásán ló ń rà sí i.

Ibi tí a fi ọ̀rọ̀ náà sí

A kò ra ìpín náà. A sọ fún ọmọ wa pé kí ó di tirẹ̀ mú, pé ohun rere ni. A sọ fún un pé bí ọdún mẹ́ta mẹ́ta, bí agbára bá wà, a óò háyà ilé ẹ̀gbẹ́ yẹn fún ọ̀sẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tí kò bá lọ lọ́dún náà, kí gbogbo wa lè pé jọ. Ọ̀tọ̀ ni kí a háyà, ọ̀tọ̀ ni kí a fi ọrùn bọ ọ́.

A fi owó páànù ránṣẹ́ sí Ọ̀fà, a sì san díẹ̀ nínú èyí tí a ti jẹ sílẹ̀. A bẹ ìbátan wa pé kí ó kó gààrí rẹ̀ kúrò. Ó kó o, inú rẹ̀ kò sì bàjẹ́ tó bí a ti rò. A ṣe ilé ìwẹ̀ kan sí ẹ̀yìn yàrá náà. Ìyá àwọn ọmọ fi àdéhùn kan lélẹ̀ kí ó tó gbà láti lọ: pé a óò sanwó fún ẹni tí yóò máa dáná, àti pé àwa ọkùnrin ni yóò máa fọ abọ́. A gbà. Iléyá tó kọjá, òun àti àbíkẹ́yìn wa bá wa lọ. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni a lò. Wọ́n tọrọ owó lọ́wọ́ wa, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kejì, àbúrò bàbá wa mú àbíkẹ́yìn wa dé ibi tí bàbá wa máa ń jókòó sí, ó sì sọ ìtàn kan fún un nípa bàbá wa tí àwa fúnra wa kò gbọ́ rí.

Ọmọ wa ní Manchester kò pè wá fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí a kọ̀. Ó dùn ún, a sì mọ̀. Bóyá àwa ni a ṣì í; bóyá ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a óò sọ pé à bá ti rà á nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì gbé wa. Àmọ́ nígbà tí ó pè, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Bàbá mi, ṣé omi wà nínú ilé ìwẹ̀ yẹn?" A ní omi wà. Ó ní, "Kí ẹ ya fọ́tò ilẹ̀kùn náà ránṣẹ́ sí mi, kí n fi han àwọn ọmọ."

A ti ya á. Àwọ̀ ewé ni a kùn ún.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, kò sí ẹni tí a ń pàṣẹ fún. Ẹni tí apá rẹ̀ bá ká méjèèjì, kí ó ṣe méjèèjì, kí Ọlọ́run bù sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ìpín tuntun níbikíbi, ẹ kọ́kọ́ pe ilé, kí ẹ béèrè pé, "Báwo ni òrùlé wa ṣe wà?" Kí ọ̀nà là fún wa, kí àwọn ọmọ wa má gbàgbé orísun wọn, kí ilé wa má sì di ibi tí a kì yóò fẹ́ wọ̀. Àmín o.

Ẹ kú ọdún. Ilé yá.